Igi olódòdó inú ọ̀rá lẹ́bàá títì Adó: èwo ló tọ́ sí orí òkè Ẹ̀fọ̀n?

Ẹni tó bá wọ Adó-Èkìtì lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yóò rí wọn: ọmọ igi nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fi omi wẹ ewé wọn títí ó fi ń dán. Jacaranda, flamboyant, frangipani, bottlebrush, bauhinia. Ọjà yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò, ká sì fún un ní máàkì. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, torí ohun kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn olódòdó ń tà, ibì kan náà sì ni àléébù ọjà wọn ti ń wá. Àwọn ìlú orí òkè la fi wọ̀n ọ́n: Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Òkèmẹ̀sí, Ìpólé-Ìlórò, Ìkògòsì, níbi tí òru ti ń tutù ju ti Adó lọ, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ láìsí ohun tó dá a dúró.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Frangipani àti bottlebrush inú ọjà yìí dára púpọ̀. Flamboyant àti bauhinia ṣeé rà, tí èèyàn bá mọ ohun tí yóò wò. Jacaranda fẹ́ sùúrù ju bí olódòdó ṣe máa ń sọ lọ. Igi tí wọ́n bá ní ilẹ̀ yìnyín ló ti wá, tí wọ́n wá ní òtútù Ẹ̀fọ̀n á bá a lára mu, ẹ kí olúwarẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ òtútù yìí ló ń kó oníbàárà sínú àṣìṣe. Bí èèyàn bá fi 100 mítà gòkè, ìgbóná afẹ́fẹ́ á dín ní nǹkan bí 0.6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Jọ́ọ̀sì wà lókè tó lé ní 1,200 mítà, Pretoria ní South Africa lé ní 1,300, Nairobi ní Kenya lé ní 1,700. Àwọn ìlú tí jacaranda ti ń tanná títí tí ojú títì á fi di àwọ̀ àlùkò nìyẹn. Ìlú Jacaranda ni wọ́n tilẹ̀ ń pe Pretoria. Kò sí ìlú tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì. Òtútù orí òkè tiwa, òtútù òru ni, òtútù ọyẹ́ ni. Bí oòrùn bá ti yọ dé àárín ọ̀run, ó ti lọ. Ohun tí òkè fi ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ gan-an ni pé omi kì í dúró níbẹ̀. Òkúta líle funfun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite ló na ẹ̀yìn gba orí òkè Ẹ̀fọ̀n kọjá. Ilẹ̀ tó bo òkúta náà kò jìn, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí Oṣù Kọkànlá bá fi parí, igi tó wà níbẹ̀ ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé, nígbà tí ti àkùrọ̀ ṣì ń mu omi. Ọ̀dá yẹn ló ń mú kí flamboyant, frangipani àti tabebuia (igi mìíràn tí a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀) wọ́wé, kí wọ́n sì tanná. Igi tó ń fi ọ̀dá mọ àsìkò rí ilé rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó ń fi yìnyín mọ àsìkò, ewé ni yóò máa hù títí ayé.

Kí ẹ tó béèrè orúkọ igi, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ọ̀rá. Oníbàárà fẹ́ràn ọmọ igi tó ti ga dé èjìká, olódòdó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi ń gbówó lé e. Ṣùgbọ́n igi tó ga tó mítà kan ààbọ̀ nínú ọ̀rá tí kò gbà ju kóńgò ilẹ̀ kan lọ ti pẹ́ jù nínú ẹ̀wọ̀n. Gbòǹgbò rẹ̀ ti kan ìdí ọ̀rá, ó ti yíjú padà, ó ń lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, yóò máa lọ́ lọ nínú ilẹ̀. Ọdún kìíní á kọjá, ìkejì á kọjá, igi á máa tutù yọ̀yọ̀. Lọ́dún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ìjì àkọ́rọ̀ òjò á gbé e ṣubú, ẹ ó sì rí i pé gbòǹgbò tó dì bí òṣùká ló fi dúró látọjọ́ yìí.

Èyí tó dára jù ni ọmọ igi tó ga ní 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, tí igi rẹ̀ nípọn tó bírò. Ẹ di ìdí igi náà mú, kí ẹ rọra fà á sókè díẹ̀. Bí ilẹ̀ inú ọ̀rá bá bá a gbéra, gbòǹgbò ti mú. Bí igi nìkan bá ń yọ bọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o sínú ọ̀rá ni. Bí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ẹ sì ní láti fà á ya, gbòǹgbò ńlá ti dá ọ̀rá lu wọ ilẹ̀ olódòdó. Èyí tó jẹ́ olórí gbòǹgbò ni ẹ ó fi sílẹ̀ níbẹ̀, igi á sì rọ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé gbòǹgbò lílọ́ nìkan ló wà lọ́jà, ẹ lè tún un ṣe: ẹ fi réṣà tuntun la ẹ̀gbẹ́ ìṣù ilẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú mẹ́rin, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ sì gé sẹ̀ǹtímítà méjì kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe é nínú ẹ̀ẹ̀rùn o.

Àléébù kejì ni amọ̀. Olódòdó púpọ̀ ń fi ilẹ̀ pupa abẹ́ yangí kún ọ̀rá kí ìṣù má baà fọ́ nínú mọ́tò. Ó ń ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìṣù amọ̀ sínú ilẹ̀ yanrìn Ẹ̀fọ̀n, omi tí ẹ bá bù á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìṣù náà á sì gan bí búlọ́ọ̀kù. Igi á kú lórí ilẹ̀ tútù. Ẹ ri ọ̀rá náà bọ garawa omi kí ẹ tó gbìn ín, títí omi ò fi ní hó mọ́, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kí ẹ wá fi ìka tú ara ìṣù náà káàkiri.

Orúkọ ló kàn, níbẹ̀ sì ni ọjà yìí ti ń pàdánù máàkì jù. Ọmọ jacaranda, ọmọ flamboyant, ọmọ peltophorum àti ọmọ leucaena, ewé wẹ́wẹ́ ni gbogbo wọn ní. Olódòdó tó ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti tún un tà lè má mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa irọ́. Ẹ wo ibi tí ewé ti jáde lára igi. Ti jacaranda máa ń jáde ní méjì-méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lójú kan náà. Ti flamboyant máa ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ní ṣóńṣó ewé jacaranda, ewé wẹ́wẹ́ kan wà lórí téńté tó gùn ju àwọn yòókù, ẹnu rẹ̀ sì mú. Flamboyant kò ní irú rẹ̀, ewé wẹ́wẹ́ tirẹ̀ rí róbótó lẹ́nu. Ní ìdí ọ̀pá ewé flamboyant, ẹ ó rí ohun kékeré kan tó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ọ̀wọ́ ewé peltophorum tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ máa ń ní irun pupa bí irin tó dógùn-ún, òdòdó rẹ̀ á sì ní àwọ̀ yẹ́lò, kò ní ṣe àwọ̀ àlùkò láé. Leucaena ní kókó kékeré kan lórí ọ̀pá ewé, nítòsí ìdí. Bí ẹ bá rí kókó yẹn, ẹ gbé e padà fún wọn: igi tí ewúrẹ́ ń jẹ ni, kóró rẹ̀ á hù káàkiri ọgbà yín, ẹ ó máa fi àdá lé e kiri fún ọdún mẹ́wàá.

Tí ó bá wá jẹ́ jacaranda lóòótọ́ ńkọ́? Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, láti apá Argentina àti Bolivia, níbi tí ìgbà òtútù ti gbẹ táútáú. Èyí tí wọ́n fi kóró gbìn lè lo ọdún méje sí mẹ́rìnlá kó tó tanná. Èyí tí wọ́n so ẹ̀ka igi àgbà mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ó sábà rí lẹ́bàá títì ni ti oníkóró. Olódòdó tó bá sọ pé “lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó rí òdòdó”, ọjà ló ń pọ́n. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ́ràá, tó sì tutù, ewé rẹ̀ á dára bí ewé àwòrán, òdòdó á ṣọ̀wọ́n. Lórí òkè, ibi tó le jù, tó gbẹ jù, tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dé alẹ́ ni kí ẹ fún un. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìẹ kẹ́ ẹ. Ajílẹ̀ tó ń mú ewé dúdú kirikiri ló ń lé òdòdó sá. Ẹ má sì bẹ́ ẹ lórí. Jacaranda tí wọ́n bá bẹ́ lórí á yọ ẹ̀ka gbọọrọ tó dúró ṣánṣán bí ọwọ̀, ẹwà rẹ̀ ti parí nìyẹn. Àgbà ní láti kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò: nígbà tó bá wà ní mítà kan sí méjì ni kí ẹ yan ẹ̀ka kan ṣoṣo fún un ní olórí, kí ẹ gé èyí tó ń bá a du ipò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá rí igi àgbà níbì kan, kóró rẹ̀ kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Àpò èso rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó rí róbótó, ó le bí igi. Kóró inú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ní ìyẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 24, kí ẹ fọ́n ọn sórí yanrìn ìlọ́po méjì tí ẹ pò mọ́ ilẹ̀dú ìlọ́po kan, kí ẹ fi ilẹ̀ tó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà bò ó. Á hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí omi bá pọ̀ jù, ọrùn ọmọ igi á tẹ́ẹ́rẹ́, á dúdú níbi tó ti kan ilẹ̀, á sì wó lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Kò sí oògùn fún èyí tó bá ti wó, ẹ dín omi kù fún ìyókù. Jacaranda inú ọ̀rá: máàkì 4 nínú 10, nítorí owó tí wọ́n ń pè é.

Flamboyant, tí àwọn kan ń pè ní pánsẹ́kẹ́, kì í ṣe àjèjì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Madagascar ló ti wá. Ó yá ju jacaranda lọ, ó lè tanná lọ́dún karùn-ún tàbí ìkẹfà, ọ̀dá Ẹ̀fọ̀n sì bá a lára mu gidigidi. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ lọ, ṣe ló ń tẹ́ rẹrẹ, ó ń gbé kọnkéré, ó ń fọ́ páìpù, ó ń wá ọ̀nà wọ sókàwéè. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mítà mẹ́wàá sí ilé àti kànga ni kí ó kéré jù. Ẹ̀ka rẹ̀ kò lágbára níwájú ìjì, nítorí náà ẹ má gbìn ín síbi tí ẹ ó máa gbé mọ́tò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kóró gbìn ín, kí ó sọ omi kaná, kí ó gbé e kúrò lórí iná kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀, kí ó dà á lé kóró náà, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ni ẹ gbìn. Èyí tí kò bá wú, ẹ fi nélíkọ́tà bu èèpo rẹ̀ díẹ̀ ní òdìkejì ojú tó ti ń hù, kí ẹ tún rẹ ẹ́.

Frangipani ni ọjà tí owó kì í ṣòfò lé. Nínú gbogbo ohun tí àwọn olódòdó ń tà, òun ló bá òkúta òkè mu jù, òun ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Ẹ̀ka ni ẹ ní kí wọ́n gé fún yín, ẹ má ra ti inú ọ̀rá, ẹ̀ka kò wọ́n. Kí ó gùn ní 30 sí 45 sẹ̀ǹtímítà, kí ó jẹ́ èyí tí èèpo rẹ̀ ti di eérú, kí ó má jẹ́ ọ̀jẹ̀lẹ̀ tútù. Oje funfun máa ṣàn jáde. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ojú, ó máa ń ta ara àwọn mìíràn pẹ̀lú. Ẹ já ewé rẹ̀ dànù, kí ẹ gbé e sí ibòji tó ní atẹ́gùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì títí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á fi gbẹ, tí á le bí èépá. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn ń fò, òun ló sì ń pa á. Bí ẹ bá gbìn ín ní tútù, ìdí rẹ̀ á rọ̀, á dúdú, á máa rùn, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì dà bí ẹni tó wà láàyè. Ẹ rì í wọ yanrìn bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹ fi igi méjì gbè é kí atẹ́gùn má mì í, ẹ bomi sí i lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Títí ewé á fi yọ, ẹ má bomi mọ́.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á wọ́wé, á dà bí ìwo ìgalà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé, kò kú. Àkókò yẹn ló yẹ kí ọlọ́gbọ́n lọ ná an, torí oníbàárà kì í wo igi tó wà níhòòhò, olódòdó á sì fẹ́ kí ó kúrò lójú òun. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun àwọ̀ ọsàn lábẹ́ ewé nígbà òjò, ẹ kó gbogbo ewé tó já sílẹ̀, kí ẹ sun ún. Kì í pa igi, ó kàn ń já ewé rẹ̀ kíákíá ni. Máàkì 9. Ìkan tó kù, orúkọ àwọ̀ òdòdó ló gbà á lọ: pupa ni wọ́n á pè é, funfun ni á yọ. Ẹ gé e lára igi tí ẹ fojú rí òdòdó rẹ̀.

Bottlebrush, Australia ló ti wá, kò ní wàhálà púpọ̀. Ti ẹ̀ka ni kí ẹ béèrè, torí kóró rẹ̀ kúná bí ìyẹ̀fun, èyí tó bá ti inú kóró wá á pẹ́ kó tó tanná. Irú èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ń fà sílẹ̀ bí irun ló dára lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ọgbà ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ fi mítà kan ààbọ̀ la wọn láàárín. Gbàrà tí òdòdó bá ti rọ, ẹ gé ẹ̀ka náà sẹ́yìn òdòdó gbígbẹ, tí ewé bá ṣì wà níbi tí ẹ gé dé. Bí ẹ bá gé e wọ inú igi àgbà tí kò léwé, ó lè má rúwé mọ́ níbẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọ̀dá lọ́dún méjì àkọ́kọ́, ẹ máa bomi sí i.

Bauhinia lewé bí ti abàfẹ̀, ẹni tó mọ abàfẹ̀ kò lè ṣì í mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, tí òdòdó rẹ̀ tóbi, tó wà lórí àsíá Hong Kong, Bauhinia blakeana, kì í so èso rárá. Ẹ̀ka nìkan ni wọ́n fi ń mú un pọ̀ sí i. Olódòdó tó bá sọ pé blakeana ni òun ń tà, tó tún ní kóró lòun fi gbìn ín, irú purpurea tàbí variegata ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn yẹn náà dára, wọ́n máa ń tanná láàárín ọdún bí i mẹ́ta, ṣùgbọ́n owó blakeana kọ́ ni kí ẹ san.

Tabebuia aláwọ̀ òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ rà á, òkè Ẹ̀fọ̀n gan-an ló ń fẹ́. Ìhòòhò ló ń wà nígbà tó bá ń tanná nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú, ẹ má ra èyí tó ti sùn nínú páálí.

Brugmansia nìkan ni igi inú ọjà yìí tó fẹ́ràn òru tútù ní tòótọ́. Orí òkè Andes ni ìran rẹ̀ ti wá, òdòdó rẹ̀ gùn bí kàkàkí, ó ń kọ orí sódò, òórùn rẹ̀ a máa gba àdúgbò lálẹ́. Òun àti apíkán jẹ́ ẹbí, májèlé sì wà lára rẹ̀ láti gbòǹgbò dé òdòdó. Ilé tó ní ọmọdé tàbí ewúrẹ́, ẹ má gbé e wọ̀ ọ́. Omi tó ń mu kò kéré, ó sì ń fẹ́ ibòji ọ̀sán. Bí kò bá sí lẹ́bàá ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà, ẹ̀ẹ̀rùn á pa á. Kò yẹ kí wọ́n máa tà á láìkìlọ̀, ẹ kò sì ní rí ẹni tó ń kìlọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan tún wà nínú ọjà yìí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: pákẹ́ẹ̀tì kóró “cherry blossom” tó ní àwòrán òkè Japan. Máàkì òfo. Kóró cherry gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú ọ̀rinrin tútù bí ti fíríìjì fún oṣù bí i méjì sí mẹ́ta kó tó hù. Fíríìjì tí iná ń lọ lórí rẹ̀ kò lè ṣe é. Ká tilẹ̀ ní ó hù, ìrudi rẹ̀ ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí ní ìwọ̀n bí i 7 Celsius sísàlẹ̀ lọ́dọọdún. Ọyẹ́ Èkìtì tó burú jù kò sún mọ́ ọn.

Àwọn olódòdó kan ń ta iṣẹ́ gbígbìn pọ̀ mọ́ igi. Owó mọ́tò ni kí ẹ san, ẹ má san ti gbígbìn. Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni kí wọ́n fi àdá gbẹ́ ihò tó ṣe wẹ́kú ọ̀rá, kí wọ́n tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n da omi sí i, kí wọ́n sì máa lọ. Mọ́tò náà fẹ́ ìṣọ́ra: láti Adó gba Aramọkọ àti Ìtàwúré dé Ẹ̀fọ̀n, atẹ́gùn ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù á fa ewé ya bí kò bá sí àpò ìdọ̀ho lórí wọn.

Ihò tó yẹ ẹ́ fẹ̀ ní 75 sí 90 sẹ̀ǹtímítà, kò sì jìn ju gíga ìṣù inú ọ̀rá lọ. Fífẹ̀ ló ṣe pàtàkì lórí òkúta. Ẹ fi dígà fọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ da garawa omi 20 lítà sínú rẹ̀. Bí ó bá gbẹ láàárín wákàtí kan sí méjì, ó ti dára. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òkúta pẹlẹbẹ wà nísàlẹ̀. Ẹ ko ebè bí ti iṣu tó ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà, orí rẹ̀ ni kí ẹ gbin igi sí. Ilẹ̀ tí ẹ hú ni kí ẹ fi dí i padà, kí ajílẹ̀ tó ti jẹrà má ju ìdá kan nínú mẹ́rin. Ihò tó kún fún ajílẹ̀ nìkan, gbòǹgbò kò ní fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò, ẹ ó rí i lójú ewé láàárín ọ̀sẹ̀ kan: etí ewé á gbẹ bí ẹni fi iná rà á. Ó gbọ́dọ̀ jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fi òkúta ṣe ìdènà bí àbọ̀ òṣùpá sí ìsàlẹ̀ igi náà, kí omi òjò má sáré kọjá.

Àárín Oṣù Karùn-ún sí ìparí Oṣù Kẹfà ni kí ẹ gbìn ín. Èyí tí ẹ bá gbìn lẹ́yìn àárín Oṣù Kẹsàn-án, gbòǹgbò rẹ̀ kò ní jìn kí ọyẹ́ tó dé, ọyẹ́ ló sì ń pa ju oòrùn lọ: atẹ́gùn gbígbẹ ń fa omi inú ewé yára ju bí gbòǹgbò ṣe lè fi omi ránṣẹ́.

Lẹ́ẹ̀rùn àkọ́kọ́, lítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ogún píọ́ wọ́tà. Bíbù wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò dára, òkè ilẹ̀ nìkan ló ń tutù, gbòǹgbò á sì wá sókè lọ pàdé oòrùn. Ẹ fi koríko gbígbẹ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méje bo ilẹ̀, kí ó jìnnà sí ara igi ní 15 sẹ̀ǹtímítà, nítorí ikán. Ikán kì í fi ojú hàn. Ẹ ó kàn rí igi tó rọ lọ́sàn-án, tí kò jí láàárọ̀. Tí ẹ bá fà á, á bọ́ sí yín lọ́wọ́, gbòǹgbò ò sí mọ́. Pòròpórò àgbàdo ni ẹ má fi bò ó láé, oúnjẹ ikán ni. Eérú yíká ìdí igi ń ran igi lọ́wọ́ díẹ̀, òjò kan ló sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Ní Oṣù Kọkànlá, ẹ ro mítà kan ààbọ̀ yíká igi kí ó mọ́ fínnífínní: iná ọdẹ ọ̀yà kì í béèrè ọgbà ta ni. Ọgbà ọparun fún ewúrẹ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi mú tata láàárọ̀ kùtù nígbà tí òtútù ṣì mú un. Òtútù orí òkè wúlò fún ìyẹn, ó kéré tán.

Ajílẹ̀ NPK 15-15-15, nǹkan bí 30 gíráàmù, yíká igi ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, fún ọdún méjì péré. Jacaranda àti flamboyant kò nílò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Okùn tí ẹ fi so igi mọ́ òpó, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni kí ó jẹ́, kí ó tú díẹ̀, kí ẹ sì tú u kúrò lọ́dún kejì. Igi tí kò mì kì í nípọn.

Ohun kan ni a kò rí lẹ́bàá títì rárá, òun náà ló sì yẹ kí ó wà níwájú: òrúrù. Igbó ilẹ̀ wa níhìn-ín ló ti wá, àwọn èèyàn Hawaii àti Australia gbé e lọ gbìn torí ẹwà rẹ̀, ó sì gba igbó mọ́ wọn lọ́wọ́ débi pé ó wọ ìwé àwọn àjèjì ọgọ́rùn-ún tó ń yọ ayé lẹ́nu jù tí IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó, tò. Nílé tirẹ̀ níbí, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ó sì ń yá tanná ju jacaranda lọ dáadáa. Àwọn olódòdó ní ẹnikẹ́ni kò ní ra ohun tó wà ní bèbè oko. Ẹ ká àpò èso rẹ̀ tó ti là nínú ẹ̀ẹ̀rùn; kóró inú rẹ̀ ní ìyẹ́ tó mọ́ bí ọ̀rá funfun. Ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tútù, ẹ má fi ilẹ̀ bò ó ju bí iyọ̀ lórí ọbẹ̀ lọ, kí ẹ gbé e sí mítà mẹ́wàá sí ilé, torí ẹ̀ka rẹ̀ ń dá. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rudi, kó má yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí àwọn ọmọdé lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fún omi inú ìrudi náà síra wọn lójú.